Iye Owó Ọta Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè Kí Ẹ Tó Ra Ìbọn

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìyìnbọn sí àmì, yálà ní Houston ló wà tàbí ní Birmingham, iye tí ìbọn ń jẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Yóò wo èyí tó gùn, yóò wo èyí tó ní awò lórí, yóò bi olùtajà léèrè èyí tó lágbára jù. Kò burú kéèyàn bèèrè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni owó rẹ̀ yóò gbà lọ. Ẹ̀ẹ̀kan la ń ra ìbọn, ọta la ó máa rà títí lọ. Gbogbo ẹni tó ti ra jẹnẹrétọ̀ rí nílẹ̀ wa ló mọ̀ pé owó ẹ̀rọ náà kọ́ ló ń dá ni lágara, owó epo tó ń mu lójoojúmọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbọn rí. Ìwọ̀n ihò ọ̀pá ìbọn ló ń pinnu irú ọta tí yóò máa jẹ, iye owó ọta yẹn ló sì ń pinnu bóyá ẹni tó ni ín yóò lè máa lọ sí pápá ìyìnbọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí yóò tì í mọ́nú àpótí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé wa níbí: ẹni tí owó rẹ̀ níwọ̀n, tó sì fẹ́ di atamátàsé ní tòótọ́, .22 Long Rifle ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kó sì máa ra ọta rẹ̀ tí kì í sáré ju ohùn lọ. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ torí pé ohun tó kéré ló tọ́ sí ẹni tí kò lówó. Mo sọ ọ́ torí pé ohun tó ń sọni di atamátàsé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà téèyàn fi yìnbọn tó sì fara balẹ̀ wo ibi tó bà, ìwọ̀n yìí ló sì ń jẹ́ kí èèyàn lè yin ọ̀pọ̀lọpọ̀ láìjẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká wo ọta náà fúnra rẹ̀. Páálí rẹ̀ kékeré, àádọ́ta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan kò gùn ju ìnṣì 1 lọ. Orí rẹ̀ jẹ́ òjé tí kò ju gíráàmù 2.6 lọ, wọ́n sì fi ọ̀rá tàbí ìda pa á lára débi pé tí ẹ bá mú mélòó kan dání, ìka yín á máa yọ̀. Ìkarahun rẹ̀ jẹ́ idẹ tín-ín-rín tí wọ́n tẹ etí ìdí rẹ̀ síta, inú etí yẹn ni ohun ìṣáná rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti fa ìbọn, irin kékeré kan á gbá etí náà, ohun ìṣáná á gbiná, ẹ̀tù á jó, òjé á sì jáde. Àwọn ọta ńlá bíi .223 àti .308 kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun ìṣáná tiwọn dá dúró, inú ihò kan láàárín ìdí ìkarahun ni wọ́n tì í bọ̀. Ìkarahun wọn nípọn torí pé ẹ̀tù inú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n sì fi bàbà bo òjé wọn kó má baà yọ́ mọ́ inú ọ̀pá. Ohun èlò tó pọ̀ jù àti iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni gbogbo èyí, ẹni tó bá ra ọta náà ló sì ń san án. Kò sí ẹ̀tàn kankan nínú owó pọ́ọ́kú .22, kì í sì í ṣe pé ó jẹ́ ayédèrú. Ará Faransé kan, Louis-Nicolas Flobert, ló ṣe irú ọta yìí àkọ́kọ́ ní 1845 fún eré inú ilé. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson gbé .22 Short jáde ní Amẹ́ríkà ní 1857, nígbà tó sì di 1887, ilé iṣẹ́ J. Stevens ní Massachusetts gbé .22 Long Rifle kalẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, ó wà lára àwọn ọta tí wọ́n ń ṣe jáde jù lọ láyé.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó ṣírò rẹ̀. Owó ọta máa ń lọ sókè sódò, ó sì yàtọ̀ láti ìlú kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ fi àwọn iye tí mo fẹ́ kà yìí ṣe ìdíwọ̀n ni, ẹ má fi wọ́n ná ọjà. Ní Amẹ́ríkà láti bí ọdún mélòó kan wá, .22 Long Rifle tó dára fún ìdánrawò máa ń wà láàárín sẹ́ńtì 7 sí 12 fún ẹyọ kan. .223 tó rọjú jù máa ń tó sẹ́ńtì 45 sí 60. .308 máa ń súnmọ́ dọ́là 1, 6.5 Creedmoor, ọta ńlá mìíràn, sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń yin ọta 100 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50 nínú ọdún, yóò yin 5,000. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ sẹ́ńtì 10, dọ́là 500 ni. Bó bá jẹ́ sẹ́ńtì 50, dọ́là 2,500 ni. Bó bá jẹ́ dọ́là 1, dọ́là 5,000 ni. Dọ́là 4,500 tó wà láàárín .22 àti .308 lọ́dún kan ṣoṣo tó ra ìbọn .22 tó dára gan-an pẹ̀lú awò rẹ̀, yóò tún san owó ẹgbẹ́, yóò sì tún ṣẹ́kù. Ọta nìkan kọ́ sì ni. Ọ̀pá ìbọn máa ń jẹ, torí pé iná ẹ̀tù ń jó ẹ̀bá ibi tí ọta ti ń wọlé. Ẹni tó ń fi 6.5 Creedmoor díje mọ̀ pé lẹ́yìn ọta 2,000 sí 3,000, ọ̀pá náà lè má ta dáadáa mọ́, ti .308 sábà máa ń kọjá 5,000. Òjé .22 rọ̀, ẹ̀tù rẹ̀ sì kéré, ọ̀pá rẹ̀ lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá kó tó di pé èèyàn ń ronú àtipààrọ̀ rẹ̀. Bí owó ẹni bá ti mọ ni oògùn ẹni ń mọ, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, oògùn tó wọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ju èyí tó rọjú lọ.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ìyìnbọn sí àmì jẹ́. Kí ìbọn tó dún, iṣẹ́ ara ti pọ̀: ìdúró gbọdọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìdí ìbọn gbọdọ̀ jókòó sí ojú kan náà ní èjìká nígbà gbogbo, èémí gbọdọ̀ rọlẹ̀, ìka gbọdọ̀ fa ìbọn tààrà sẹ́yìn láìtì í sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lẹ́yìn tó bá dún tán pàápàá, ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára àmì lójú ẹsẹ̀. Kò sí èyí téèyàn lè kọ́ nínú ìwé tán. Ara ló gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, ara kì í sì í mọ nǹkan láìjẹ́ pé ó ṣe é léraléra. Ìbọn ńlá sì ń kọ́ ara ní ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò dára. .308 máa ń gbá èjìká gan-an, ariwo rẹ̀ sì le. Lẹ́yìn ọta ogún tàbí ọgbọ̀n, ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á ti máa retí ìgbájú náà: á di ojú, á ki ọrùn, á fi ọwọ́ ti ìbọn sísàlẹ̀ kó tó dún, kò sì ní mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń tú àṣírí èyí. Wọ́n á ní kí ẹlòmíràn máa ki ìbọn fún un, kó máa da ọta òfìfo tí kò ní ẹ̀tù pọ̀ mọ́ ti gidi láìjẹ́ kó mọ èwo ni èwo. Bó bá kan òfìfo, ìbọn á kàn ró kẹ́, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì rí i bí ẹnu ìbọn ṣe já wálẹ̀. Ẹni tó fi .22 bẹ̀rẹ̀ kì í sábà kó àrùn yìí, torí pé ìbọn náà kò gbá a débi tí ẹ̀rù yóò fi bà á.

Ìtàn náà jẹ́rìí sí i. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Boer jagun ní Gúúsù Áfíríkà láàárín 1899 sí 1902, ojú wọn rí màbo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó mọ ìbọn yìn láti ọ̀nà jíjìn. Lord Roberts, tó ṣe olórí ogun wọn níbẹ̀, wà lára àwọn tó ń polongo pé kí àwọn ará ìlú lásán kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn. Ní 1901 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Society of Working Men's Rifle Clubs, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ẹni tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún: àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní owó ọta ológun, tí kò sì ní àkókò láti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí pápá tó gùn. Ìwọ̀n .22 ló yanjú ọ̀ràn méjèèjì. Ọta rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì lè yìn ín nínú gbọ̀ngàn ní ìwọ̀n 25 yáàdì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní National Small-bore Rifle Association lónìí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ológun pàápàá, tí ìjọba ń ra ọta fún, kò fojú di í. Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti fìgbà kan ní irú ráífù Springfield kan, M1922, tó ń yin .22 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bìrìtéènì náà ní ráífù No. 8 tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ológun fi kọ́ ìyìnbọn. Bí ẹni tí kò fi owó ara rẹ̀ ra ọta bá tún yan .22 fún ẹ̀kọ́, ó yẹ kí ẹni tó ń ti àpò ara rẹ̀ ná an ro ó dáadáa.

Àwọn kan á ní ìbọn ọmọdé ni .22, pé ẹni tó dàgbà kò gbọdọ̀ fi í ṣeré. Òlíńpíìkì ti dáhùn ìyẹn. Ìdíje ráífù 50 mítà, níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn lórí ìkúnlẹ̀, ní ìdùbúlẹ̀ àti lórí ìdúró, ìwọ̀n .22 yìí, ìyẹn mìlímítà 5.6, ni òfin rẹ̀ gbà. Òun náà ni wọ́n fi díje ní Châteauroux nígbà Òlíńpíìkì Paris ní 2024. Bẹ́ẹ̀ ni ráífù 300 mítà, tó ń yin ọta ńlá, ti kúrò nínú Òlíńpíìkì lẹ́yìn ìdíje Munich ní 1972. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe le tó: òbìrí àárín tó ń gba máàkì 10 fẹ̀ ní mìlímítà 10.4, kò ju ìbú èékánná ìka kékeré lọ, ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìfara ti nǹkan kan ló sì fẹ́ bà á láti 50 mítà. Kò sí ẹni tó rí èyí tí yóò pè é ní eré ọmọdé. Ẹni tí owó .22 pàápàá sì wọ́n fún, ìbọn afẹ́fẹ́ ń dúró dè é. Òjé rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4.5, sẹ́ńtì díẹ̀ ni ẹyọ kan, 10 mítà sì ni wọ́n ti ń yìn ín. Ó wọ Òlíńpíìkì ní Los Angeles ní 1984, àmì máàkì 10 rẹ̀ kò sì ju tóńtó kan tó fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà lọ. Ìbọn afẹ́fẹ́ yìí ni Abhinav Bindra fi gba wúrà ní Beijing ní 2008, wúrà àkọ́kọ́ tí ará Íńdíà kan dá gbà nínú ìtàn Òlíńpíìkì.

Àtakò kejì ní làákàyè nínú: pé .22 kì í lọ jìnnà. Òótọ́ ni pé ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá tún awò ìbọn ṣe kó ba àmì gan-an ní 50 yáàdì, tí ẹ wá gbé àmì náà lọ sí 100 láìyí awò padà, òjé náà á bọ́ sí nǹkan bí ìnṣì 6 sí 7 lábẹ́ ibi tí ẹ fojú sùn. Ṣùgbọ́n àìlera yìí gan-an ló sọ ọ́ di olùkọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n máìlì 10 ní wákàtí kan á ti òjé .22 ní nǹkan bí ìnṣì 4 ní 100 yáàdì. Kí afẹ́fẹ́ kan náà tó ti .308 tó bẹ́ẹ̀, àmì rẹ̀ á ti kọjá 200 yáàdì dáadáa. Èyí já sí pé ní pápá 100 yáàdì tó wà nítòsí ilé, ẹni tó ń yin .22 ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka afẹ́fẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìbọ́sílẹ̀ òjé, ẹ̀kọ́ tí oníbọn ńlá yóò wakọ̀ lọ sí pápá tó jìnnà kó tó rí kọ́. Pápá tó gùn ju 100 yáàdì lọ kò sì pọ̀ nítòsí ìlú ńláńlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ra ìbọn tó lè ta dé 1,000 yáàdì, 100 náà ni wọ́n ń yìn ín mọ.

Ẹni tó bá wá ní pápá tó gùn, tó sì ti mọ .22 yìn dáadáa, kò sí ẹni tó ní kó má tẹ̀síwájú. Àmọ́ kó gba orí .223 lọ. Ó rọjú ju àwọn ọta ńlá yòókù lọ torí pé ó bá ọta 5.56 àwọn ológun tan, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló sì ń ṣe é. Kì í gbá èjìká púpọ̀, àwọn tó ń díje ní Camp Perry ní Ohio sì ń fi í yin àmì ní 600 yáàdì. Ohun tó yẹ kó wò kó tó ra ìbọn rẹ̀ ni bí àwọn ìlà inú ọ̀pá ṣe yí ká. Ìlà wọ̀nyí ló ń yí òjé kó lè lọ tààrà. Ọ̀pá tí ìlà rẹ̀ yí ká lẹ́ẹ̀kan nínú ìnṣì 12 kò lè mú òjé gígùn dúró. Èyí tó yí ká nínú ìnṣì 8 tàbí 7 lè yin òjé wíwúwo tó ń dúró lójú afẹ́fẹ́. 6.5 Creedmoor, tí ilé iṣẹ́ Hornady gbé jáde ní 2007, dára ju gbogbo wọn lọ nínú afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, .308 tó ti wà láti 1952 sì ṣeé gbọ́kàn lé. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀bùn wọn kì í hàn lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì lè kó ihò márùn-ún jọ sójú kan ní 50 mítà.

Nígbà tí ìwọ̀n bá ti wà nílẹ̀, ọta wo la ó rà? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná owó sódì. Wọ́n á rí páálí tí wọ́n kọ sí lára pé eré rẹ̀ pọ̀, wọ́n á rò pé eré ló ń mú nǹkan bà. Fún .22, òdìkejì ló sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Ohùn ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta .22 tó yára máa ń jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á fà á sẹ́yìn, kó tó dé 100 yáàdì á ti jábọ̀ sábẹ́ eré ohùn, ìrúkèrúdò tó ń bá a pàdé níbi tó ti ń sọdá náà sì lè mi òjé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní standard velocity máa ń jáde ní nǹkan bí 330 mítà, ó wà lábẹ́ eré ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́. Òun ni kí ẹ rà fún àmì. Inú rẹ̀ náà, ipò wà. CCI Standard Velocity tí wọ́n ń ṣe ní Idaho wà nísàlẹ̀ ní ti owó. SK láti Schönebeck ní Jámánì wà láàárín. Eley Tenex láti Birmingham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lókè, owó wọn sì lè tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọta ìdíje .22 wọ́n bíi .223 kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdíje ni ọta bẹ́ẹ̀ wà fún, ìdánrawò kò nílò rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ èyí tó bá ìbọn yín mu kò ṣòro. Ẹ ra páálí kan kan nínú irú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn kí ọwọ́ yín má baà ṣe ẹlẹ́rìí èké, ẹ yin mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú irú kọ̀ọ̀kan dànù kí ọ̀rá rẹ̀ lè bo inú ọ̀pá, lẹ́yìn náà kí ẹ yin márùn-ún márùn-ún sí àmì mẹ́rin ní 50 mítà, kí ẹ sì wọn bí ihò tó jìnnà síra jù ṣe jìnnà tó. Ẹ má ṣe fi àmì kan tó dára ṣe ìdájọ́. Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra. Ẹ ó rí i pé ìbọn méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lè fẹ́ràn ọta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọta tó rọjú sì lè bá ìbọn yín mu ju èyí tó wọ́n lọ. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, kí ẹ ra páálí mélòó kan tí nọ́ńbà wọn bára mu. Èyí náà ló ń dáhùn ẹni tó ní .22 máa ń wọ́n lọ́jà lójijì. Òótọ́ ni: ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 2013 fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2020 nígbà àrùn Kòrónà. Ẹni tó ń fi páálí kan sílé lóṣooṣù kò ní sáré ra ọta ọ̀wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ń ba ọjà.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí àwọn èèyàn ń gbà dín owó ọta ńlá kù. Àkọ́kọ́ ni ọta àtijọ́ tí àwọn ológun tà síta. Ohun ìṣáná púpọ̀ nínú wọn ní iyọ̀ nínú. Iyọ̀ yẹn ń fa omi, á sì mú ọ̀pá ìbọn dógùn-ún láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ẹ kò bá fi omi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi epo pa á. Òjé àwọn kan nínú wọn ní irin, ọ̀pọ̀ pápá sì ń fi òòfà dán an wò, wọn kò ní gbà á láyè. Ọ̀nà kejì ni kéèyàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọta kì, torí ìkarahun ọta ńlá ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń dín owó kù lóòótọ́, ọta tó ń jáde níbẹ̀ sì lè dára ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹ̀rọ, ó ń gba ìtọ́sọ́nà ìwé tó péye, ó sì ń gba àkókò. Iṣẹ́ tó wà fún ẹni tó ti pinnu láti pẹ́ nínú eré yìí ni.

Bó ti wù kí ọta rọjú tó, kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ san ìtanràn tàbí lọ sẹ́wọ̀n, nítorí náà òfin wà lára ìṣirò. Ní Bìrìtéènì, ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ráífù, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ìyìnbọn ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti fi hàn pé èèyàn ní ìdí tó dára, wọ́n sì máa ń kọ ìwọ̀n ihò ìbọn àti iye ọta téèyàn lè ní sínú ìwé náà. Ní Amẹ́ríkà, ó yẹ kí àwọn ọmọ wa kíyè sí i pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́, ní ìbọn tàbí ọta, àyàfi lábẹ́ àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin kà kalẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn 1959 ló ṣì ń darí ọ̀ràn náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní ráífù láìgba ìwé àṣẹ. Ààbò náà kò ṣeé fi ṣeré torí pé ìbọn kéré. Òjé .22 lè rìn ju máìlì kan lọ, nítorí náà ògiri tàbí òkìtì tó nípọn gbọdọ̀ wà lẹ́yìn àmì. Ohun ìdìtí pọn dandan, awò ojú náà pọn dandan. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun, torí májèlé ni òjé. Orúkọ tó wà lára páálí ọta sì gbọdọ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìbọn mu láìku ẹyọ kan; .22 Long Rifle àti .22 Magnum kì í ṣe ohun kan náà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra.

Bí mo bá ní kí n gba ẹni tó ní dọ́là 1,000 nímọ̀ràn, mo máa ní kó ra ìbọn .22 tó níwọ̀n, bóyá dọ́là 300 sí 400, kó wá awò tó mọ́, ohun ìdìtí àti owó ẹgbẹ́, kó sì fi gbogbo ìyókù ra ọta. Ẹni tó bá fi 900 ra ìbọn, tó wá fi 100 ra ọta .308, á yin ọgọ́rùn-ún kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, yóò sì padà sílé láìmọ̀ bóyá òun ló ṣe àṣìṣe tàbí ìbọn rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á ti yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á ti mọ bí èémí rẹ̀ ṣe ń gbé ìbọn sókè, á ti mọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Nígbà tí òun náà bá wá fẹ́ ra ìbọn ńlá lọ́jọ́ iwájú, ohun tó máa gbé lọ sí pápá náà ni ìmọ̀ tó ti fi owó pọ́ọ́kú rà, ìmọ̀ yẹn kò sì ní béèrè ọ̀pá tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọta 3,000.